Ojú Ìwé Kan Nínú Ìṣúná: Bí A Ṣe Tọpa Ilé Ìwòsàn Ìlú Wa

Ìpàdé oṣù keje ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ẹ̀ka Abuja, máa ń ṣèpàdé ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù, ní àgbàlá Bàbá Alága ní Kubwa, lábẹ́ igi máńgòrò kan tó máa ń já ewé sórí ìwé mi bí mo bá ti ń kọ ìròyìn. Ìyá Ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ló dìde. Ó ní òun lọ sí ilẹ̀ tí ìlú yọ̀ǹda fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, òun ò rí yanrìn, òun ò rí búlọ́ọ̀kù, ewúrẹ́ ni wọ́n so mọ́bẹ̀. "Ewúrẹ́ méjì," ó na ìka méjì sókè. "Ọ̀kan tilẹ̀ lóyún."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. Ẹ̀gbọ́n Akápò ní irọ́ gbuu ni Ọnọrébù pa fún wa. Ẹnìkan ní kọngílá ló gbówó sá lọ. Ẹlòmíràn ní gómìnà ni kò fẹ́ràn ẹkùn wa láti ìgbà ìbò. Ariwo ta. Bàbá Alága fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Akọ̀wé, ìwọ lo ní kọ̀ǹpútà. Bá wa wá ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí."

Èmi ni akọ̀wé. Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé, tí a ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ni mo ní. Mi ò kọ́ òfin, mi ò sì ṣe ìṣèlú rí, ìwé ṣáà ni iṣẹ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ láti oṣù keje ọ̀hún títí di ọdún kejì ni mo kọ síbí. Mi ò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà, mi ò sì ní dárúkọ Ọnọrébù, torí a ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó wà ní Àríwá, àwa Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn náà tó.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ padà sí oṣù kìíní. Oṣù yẹn ni Ọnọrébù tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wá kí wa ní Abuja. Aṣọ funfun ló wọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn mẹ́rin tẹ̀lé e. Ó gbé ìwé ńlá kan sórí tábìlì, ó ṣí i síbi tó ti fi bírò sàmì sí, ó ka orúkọ ìlú wa jáde ketekete, lẹ́yìn náà ó ka ohun tí wọ́n kọ tẹ̀lé e: "Construction of Primary Health Centre", ₦60 mílíọ̀nù. Ó ní ìṣúná ti kọjá nílé, gómìnà sì ti buwọ́lù ú. A pàtẹ́wọ́. Àwọn ìyá dá orin. Kí ó tó lọ, mo ní kí ó jọ̀ọ́ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà ojú ìwé yẹn sínú fáìlì ẹgbẹ́. Kò jiyàn, ó fún mi, ọmọ iṣẹ́ mi sì sáré lọ ṣe é wá.

Ẹ̀dà yẹn ni mo gbé síwájú lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé oṣù keje, tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn létí mi. Mo ti rí ìwé yẹn tó ìgbà mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ayọ̀ ni mo fi ń wò ó, ibi orúkọ ìlú wa nìkan ni ojú mi sì máa ń bà lé. Lálẹ́ yẹn mo wo etí rẹ̀. Lókè pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: "Proposed Budget". Nísàlẹ̀, ọjọ́ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde: oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú.

Àbá ni. Gbogbo wa, àgbà àti ọ̀dọ́, lọ́yà méjì tó wà láàárín wa pẹ̀lú, a jókòó, a pàtẹ́wọ́ fún àbá, a sì fi orin sìn ín délé.

Ohun tí mo wá kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kò le. Abala 121 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní gómìnà ni yóò gbé àbá owó tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde síwájú ilé aṣòfin kí ọdún tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn. Ilé á kà á lẹ́ẹ̀kíní, àkọlé rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pè. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á jiyàn lé e lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n á pín in fún àwọn ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, ti ìlera lọ́tọ̀, ti ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ òde lọ́tọ̀, wọ́n á sì pe àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba kí wọ́n wá ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fẹ́ iye tí wọ́n kọ. Níbẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń wọ ẹran. Èyí tó bá jáde ní kíkà kẹta ni ìwé kejì, ó sì lè jọ àkọ́kọ́ bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá, kì í ṣe bí fọ́tókọ́pì ṣe ń jọ ojúlówó. Èyí tí gómìnà buwọ́lù ni ìkẹta. Ó ní 30 ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Bó bá kọ̀, tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá tún gbà á wọlé, ó ti dòfin láìsí ọwọ́ rẹ̀. Ìkẹrin ni ìròyìn ìná owó tí ìjọba ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó ń sọ iye tó kúrò nínú àpò gan-an.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni gbogbo ayé ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé bọ́jẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ òun, mo máa ń bi í pé èwo.

Ìwé kẹta ni mo wá lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ètò kan tí Báńkì Àgbáyé fi $1.5 bílíọ̀nù ṣe láàárín 2018 sí 2022, SFTAS ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé ìṣúná rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò kì í rí owó ìṣírí apá ibẹ̀ gbà, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ àṣà náà. Ètò ọ̀hún ti parí, àṣà náà kò tíì tán. Ti ìpínlẹ̀ wa wà níbẹ̀ lóòótọ́, PDF tó lé ní 400 ojú ìwé. Mo tẹ orúkọ ìlú wa síbi ìṣàwárí. Òdo.

Àyà mi já. Mo ti gbé fóònù láti pe Bàbá Alága pé wọ́n ti yọ wá kúrò pátápátá, kí n tó rántí pé kọ̀ǹpútà ò gbọ́n ju lẹ́tà tí èèyàn bá tẹ̀ fún un lọ. "Gb" wà nínú orúkọ ìlú wa. Akọ̀wé tí kì í sọ Yorùbá lè kọ ọ́ ní "b" lásán, ó sì lè kọ ọ́ ní "gw". Mo gbìyànjú "b". Òdo. Mo gbìyànjú "gw". Òdo. Mo yọ àmì tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì, mo so wọ́n pọ̀. Òdo.

Nọ́ńbà ló kó mi yọ. Gbogbo ìlà inú ìṣúná ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́jọ tó ń sọ irú owó tó jẹ́, ìlànà kan náà sì ni àwọn ìpínlẹ̀ ń lò báyìí. Èyí tó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, owó tó ń wọlé ni. 2 ni ìná. Nínú ìná, 21 ni owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, 22 ni àwọn nǹkan bí epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ àti ìwé, 23 sì ni iṣẹ́ tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Ẹ tún wọ inú 23 lọ: 2301 jẹ́ ríra, 2302 jẹ́ kíkọ́ tuntun, 2303 jẹ́ àtúnṣe. Lórí ẹ̀dà tí Ọnọrébù fún wa, 23020106 ni wọ́n kọ síwájú tiwa, ìyẹn kíkọ́ ilé ìwòsàn. Mo lọ sí ibi tí wọ́n kó ti àjọ ìlera alábọ́ọ́dé ìpínlẹ̀ jọ sí, mo ka gbogbo 23020106 wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, mo ń fi rúlà tẹ̀lé ìlà lórí ojú kọ̀ǹpútà bí ọmọ iléèwé. Tiwa ò sí níbẹ̀.

Ojú ìwé kejì sí i ni mo ti rí i, nígbà tí mo ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. 23030105. Orúkọ ìlú wa ni, ṣùgbọ́n "qb" ló wà níbi tó yẹ kí "gb" wà. Ẹ̀bi akọ̀wé Haúsá tàbí Nupe kankan kọ́. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ tán ni wọ́n tún fi ẹ̀rọ ìskáànù yà, ẹ̀rọ náà sì ka "g" ní "q". Ojoojúmọ́ ni mo ń rí irú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦15 mílíọ̀nù. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ kì í sì ṣe "Construction" mọ́. "Rehabilitation" ni.

Àtúnṣe. Kí ni èèyàn fẹ́ tún ṣe lórí ilẹ̀ tí ewúrẹ́ méjì ń jẹ koríko?

Mo pe Bàbá Alága lóru ọjọ́ náà, mo kà á fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Dìsìpẹ́ńsárì." Ní òdìkejì ìlú, lẹ́yìn ọjà àtijọ́, ilé kékeré kan wà tí wọ́n ti ń fún ìyá mi ní oògùn ibà nígbà tí mo wà ní píráímárì. Ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ti kó lọ, àwọn èèyàn sì ń kó iṣu sí i. Òun ni "àtúnṣe" ń bá wí. Ìyá Ìbejì ti rìn lọ wo ilẹ̀ tí kò sí nínú òfin mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní kí àbúrò mi tó wà nílé sáré lọ ya fọ́tò dìsìpẹ́ńsárì náà. Iṣu ló rí níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Páànù tuntun kan ò sí lórí ẹ̀.

Mo wá lọ sínú ìwé kẹrin, ìròyìn oṣù mẹ́ta kejì ọdún. Òun ló rọrùn jù láti kà nínú gbogbo wọn, n kò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Iye tí ilé fọwọ́ sí wà ní apá òsì. Iye tí wọ́n ná láàárín oṣù mẹ́ta yẹn tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iye tí wọ́n ti ná láti oṣù kìíní, èyí tó kù, àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Níwájú tiwa, àmì fífà kékeré ló wà láti òsì dé ọ̀tún. Kọ́bọ̀ kan ò tíì jáde. Ìyẹn ni pé kò sí kọngílá tó gbówó sá lọ, torí kò sówó tí ẹnikẹ́ni gbà lórí ìlà yẹn. Mo fẹ́ràn ìlà yẹn. Àmì fífà kan ṣoṣo wẹ ẹni tí a ò tilẹ̀ mọ̀ mọ́, lẹ́yìn tí a ti fi ẹnu jù ú sẹ́wọ̀n lábẹ́ igi máńgòrò.

Nígbà tí mo jábọ̀ ní oṣù kẹjọ, ìbéèrè pọ̀. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìsìnrú ìlú bi mí pé, àwa tí a ń gbé Kubwa ń kọ́, ta ni Ọnọrébù ìpínlẹ̀ tiwa? Kò sí. Abuja kì í ṣe ìpínlẹ̀, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀; abala 299 ló fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́wọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀, àwọn náà ló sì ń ṣe ìṣúná olú ìlú. Nínú gbogbo wọn tó jókòó síbẹ̀, sẹ́nétọ̀ kan àti aṣojúṣòfin méjì péré ni àwọn ará Abuja dìbò yàn. Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, tiyín ní ìpínlẹ̀ ṣì dáa nígbà náà." Mi ò mọ bóyá kí n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n Akápò ní kí ni ìwúlò gbogbo kíkà ẹ̀ẹ̀kíní kíkà ẹ̀ẹ̀kejì, ṣebí ó lè kọjá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni. Rivers ṣe é: ní December 2023, mẹ́rin péré nínú ilé tó yẹ kó ní aṣòfin 32 ló jókòó tí gómìnà gbé ìṣúná ₦800 bílíọ̀nù wá bá, ó sì buwọ́lù ú lọ́jọ́ kejì. Ẹjọ́ rẹ̀ gbé wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní February 2025. Mo ní ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń kọ ọjọ́ sílẹ̀, torí ìwé tó bá sáré jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń hàn nínú ọjọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni ta ló sọ kíkọ́ di àtúnṣe. Ìyẹn ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wọ ọkọ̀ ní Zuba láàárọ̀ kùtù, ó di ọ̀sán kí n tó dé olú ìlú ìpínlẹ̀. Ilé ò jókòó lọ́jọ́ náà. Abala 104 ní wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó ó kéré tán 181 ọjọ́ lọ́dún, nítorí náà ẹni tó bá kàn yọ sí wọn lè bá àga òfìfo bí mo ṣe bá a. Ọlọ́pàá ẹnu géètì bi mí pé ta ni mo wá rí. Mo ní ìwé ni mo wá rí. Ó wò mí, ó pe èkejì rẹ̀ kí òun náà wá wò mí.

Ní ọ́fíìsì Kílákì, ìyẹn akọ̀wé àgbà ilé aṣòfin, wọn ò lé mi. Obìnrin kan fún mi ní àga, ó fún mi ní omi, ó ní ìròyìn ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kì í jáde bẹ́ẹ̀, àfi kí n kọ lẹ́tà. Mo ti kọ ọ́ wá. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, kò sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń béèrè sọ ìdí. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kàn wọ́n. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ parí àríyànjiyàn náà ní April 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Mo kọ gbólóhùn yẹn sínú lẹ́tà, mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Obìnrin náà ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, ó kọ ọjọ́ sí i. Òǹtẹ̀ yẹn ni mo fi wọ ọkọ̀ padà. Ẹ má fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kankan láìgba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà yín o.

Ọjọ́ méje pé, èsì ò dé. Mo pè, wọ́n ní Kílákì rìnrìn àjò. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni àpò ìwé pupa rúsúrúsú kan dé ọ̀dọ̀ mi. Ojú ìwé méjì àtààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, tábìlì kan àti orúkọ àwọn tó wà ní ìjókòó. Níwájú ìlú wa: àbá, 60,000,000, ohun tí a fọwọ́ sí, 15,000,000. Ní apá ọ̀tún pátápátá níbi àkíyèsí, ọ̀rọ̀ méjì péré: "existing facility".

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló gbé ilé ìwòsàn wa lọ. Ẹnìkan jókòó nínú yàrá yẹn, ó wo ìwé kan, ó rí i pé ìlú wa ti ní ilé ìlera, ó sọ fún ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì gbà pé ó bọ́gbọ́n mu kí a tún èyí tó wà ṣe dípò kí a kọ́ òmíràn. Lórí ìwé, òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé iṣu ló ń gba ìtọ́jú nínú ilé ọ̀hún. ₦45 mílíọ̀nù tó yọ níbẹ̀ ń kọ́? Mo lè fi ìka tọ àwọn ìlà mélòó kan tó wú nínú tábìlì kan náà, ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé tiwa ni wọ́n jẹ, mi ò sì kọ ọ́ sínú ìròyìn mi.

Orúkọ Ọnọrébù wa ò sí lára àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ ìlera, kò sì pọn dandan kó wà níbẹ̀. A pè é ní ìpàdé oṣù kẹsàn-án, Bàbá Alága gbé fóònù sórí tábìlì, gbogbo wa ń gbọ́. Wọ́n kí i dáadáa, wọ́n bi í léèrè ilé, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ìlà tiwa tó wà nínú òfin, kíkọ́ ni àbí àtúnṣe?"

"Kíkọ́ ni, Bàbá. Mo fi hàn yín."

"Èyí tí o fi hàn wá, àbá ni. Èyí tí gómìnà buwọ́lù ńkọ́?"

A gbọ́ tó ń mí. Ó ní, "Ojú ìwé wo ni ẹ ń wò, Bàbá?" Mo dárúkọ ojú ìwé náà fún un. Ó ní kí a fún òun ní ọjọ́ méjì.

Ẹ̀gbọ́n Akápò ní òpùrọ́ ni látilẹ̀wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé òun náà ò mọ̀. Ìwé oṣù kẹwàá ló wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ rẹ̀, òun ló ń gbé káàkiri àwọn ìlú, kò sì ṣí èyí tí òun fúnra rẹ̀ di ìbò fún wò. Bóyá ìyẹn dáa ju irọ́ lọ tàbí ó burú jù ú lọ, àwọn àgbà ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Lọ́jọ́ kẹta ó pè padà. Ó ní òun ti rí i, kí a má bínú, òun máa bá wa fi sínú àfikún ìṣúná. Àfikún náà dé kí oṣù tó parí, ó kọjá kíákíá, tiwa ò yí padà. Kò yà mí lẹ́nu, torí mo ti ní fúlúskáàpù kan nígbà yẹn tí mo fà sí ọ̀nà márùn-ún: ọjọ́, ohun tí wọ́n ṣe, irú ìwé wo, ta ló sọ ọ́, ṣé mo rí i fúnra mi. Àbádòfin Ọnọrébù fún ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ẹkùn wa náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbé sí rédíò tí a tún pàtẹ́wọ́ fún. Kíkà ẹ̀ẹ̀kíní: bẹ́ẹ̀ ni. Kíkà ẹ̀ẹ̀kejì: ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá, kò sí. Kíkà ẹ̀ẹ̀kíní ò ju pípe orúkọ lọ, bí ìgbà tí olùkọ́ ń pe orúkọ ọmọ tí kò tíì kọ́ nǹkan kan. Bí ọdún mẹ́rin ilé yẹn bá pé tí kò tíì jáde, ilé tuntun ni yóò tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bí ẹnikẹ́ni bá rántí rẹ̀.

A ò dúró de àfikún mìíràn. A ronú pé bí ọ̀rọ̀ méjì bá lè yọ wá, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wa dé yàrá yẹn kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀. A kọ lẹ́tà kan sí àjọ ìlera alábọ́ọ́dé, ẹ̀dà sí alága ìgbìmọ̀ ìlera, ẹ̀dà sí Ọnọrébù. Fọ́tò iṣu wà nínú rẹ̀, fọ́tò òrùlé wà nínú rẹ̀, ìwé tí ìlú fi yọ̀ǹda ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ìjòyè méjì fọwọ́ sí i nílé. Mo kọ orúkọ ìlú náà ní lẹ́tà ńlá, pẹ̀lú nọ́ńbà 23020106 níwájú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ má ṣe ní ìdí láti ṣìnà. Ẹ̀gbọ́n Akápò dá a lábàá pé kí a dá owó epo díẹ̀ fún àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ìjíròrò lórí ìyẹn gùn ju ti lẹ́tà lọ. A dìbò, owó epo ṣubú, mo sì kọ iye ìbò sínú ìwé ìpàdé bí Ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ ní kí n má kọ ọ́.

Nígbà tí gómìnà gbé àbá tuntun kalẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá, mo wọ inú rẹ̀ lóru ọjọ́ tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ orúkọ wa. Ẹyọ kan. "Gb" pé, kíkọ́ ni, ₦50 mílíọ̀nù. Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp ẹgbẹ́, àwọn ìyá sì ti fẹ́ tún dá orin. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ìwé àkọ́kọ́ nìyí o. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìlera jókòó gbọ́ àjọ náà, èèyàn wa méjì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, Ọnọrébù náà wá, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n gé wa sí ₦42 mílíọ̀nù. Nọ́ńbà náà ò yí padà. Gómìnà buwọ́lù ú kí December tó parí, mo sì dúró dìgbà tí mo rí òfin náà fúnra rẹ̀ ní oṣù kìíní kí n tó sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìròyìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá Alága ti ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti oṣù kejì, wọn kì í tilẹ̀ jókòó. "Ó ti kúrò ní òdo?" Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Wọ́n wọ awò, wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fi ìka tẹ̀lé ìlà náà láti òsì, ó kọjá 42,000,000, ó dé ibi àmì fífà, ó dúró.

Wọ́n bọ́ awò wọn. "Ìyá Ìbejì dé láti ilé lánàá," wọ́n ní. "Ó ní ewúrẹ́ yẹn ti tún bí. Ọmọ mẹ́ta."